Ẹ Mọ Orísun Omi Yín: Ìrìn Kẹ̀kẹ́ láti Adágún Chorlton dé Òkè Woodhead



Ní gúúsù ìlú Manchester, adágún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Chorlton Water Park. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn òbí a máa mú ọmọ wọn wá wo pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀. Àwọn apẹja a jókòó sí etí omi, àwọn tó ń fa ajá lọ́wọ́ a máa kọjá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á wà láàárín wọn tó wọ aṣọ funfun, tó gbé àpò kékeré dání. Obì wà nínú àpò náà, oyin wà níbẹ̀, òdòdó náà wà níbẹ̀. Ó wá kí Yemọja tàbí Ọ̀ṣun, nítorí Òṣogbo jìnnà, ọkọ̀ òfuurufú sì ti gbówó lórí. Ó gbàdúrà, ó ju ohun tó mú wá sínú omi, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Àdúrà náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé omi wo ló kí yẹn, níbo ni omi náà ti ń bọ̀, ta ló sì ń mu ún, ó ṣeé ṣe kó má rí èsì fọ̀. Nílé, olórìṣà tó ń bọ odò mọ odò náà dáadáa. Ó mọ ibi tó ti sun, ó mọ ìlú tó là kọjá, ó mọ ìgbà tó máa ń kún àti ìgbà tó máa ń fà. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹni tó ń bọ odò náà kò gbọdọ̀ gbàgbé orísun yẹn.

Ọ̀nà kan wà ní Manchester tí èèyàn lè gbà mọ omi rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan: kó gun kẹ̀kẹ́, kó dojú kọ òkè odò, kó má sì yà títí yóò fi dé ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè. Ọ̀nà náà gba inú igbó kọjá, ó gba ẹ̀bá adágún kọjá, ó sì ju kìlómítà 40 lọ.

Irin, táyà àti agogo

Kẹ̀kẹ́ tó bá ọ̀nà yìí mu ni èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gravel. Ibi ìdímú rẹ̀ tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín kéékèèké tó ń di ilẹ̀ mú. Táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 38 sí 45 ti tó. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè lo kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí táyà má tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nítorí òkúta wẹ́wẹ́, ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò igi ló pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọmọ Òrìṣà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Irin ni, ọ̀nà ló sì ń tọ̀. Ògún ló ni méjèèjì. Lóòótọ́, àlúmíníọ̀mù tàbí carbon ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ lóde òní, ṣùgbọ́n irin ni ṣéènì àti bíárìn títí di òní. Ẹni tó fẹ́ kí Ògún mú òun lọ kó sì mú òun bọ̀, kó kọ́kọ́ yẹ bíréèkì wò, kó fọ ṣéènì, kó sì fi epo tó yẹ sí i. Epo pupa kì í ṣe epo ṣéènì. Kó mú túùbù kan àti páńpù dání, nítorí kò sí fọkanáísà nínú igbó. Kó dé akoto. Kó má sì gbàgbé agogo: lójú ọ̀nà yìí, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn ọmọdé, àwọn tó gun ẹṣin àti àwọn ajá ló ni iwájú. Èèyàn á lu agogo láti òkèèrè, á rọra, á kí wọn, á kọjá.

Mọ́tò kò lè gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín yóò sùn lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ wà láàárín méjèèjì: ó yá tó láti dé òkè kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lọ́ra tó kí èèyàn lè gbọ́ ohùn omi.

Adágún tí òkúta wẹ́wẹ́ bí

Ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Adágún Chorlton kì í ṣe adágún àtayébáyé. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ M63, tó ti di M60 báyìí, wọ́n nílò òkúta wẹ́wẹ́ láti fi gbé ọ̀nà náà ga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Kòtò ńlá ṣẹ́ kù, omi sì kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni adágún Sale Water Park ṣe wáyé, ní òdìkejì odò.

Àwọn kan á ní, "Bó bá jẹ́ pé kátápílà ló gbẹ́ ẹ, òrìṣà wo ló wà níbẹ̀?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sílẹ̀. Kátápílà gbẹ́ kòtò. Kò dá omi. Omi tó kún ibẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ àti nínú odò kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ omi adágún náà, kó kọ́kọ́ mọ odò tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mersey ni orúkọ odò náà.

Lẹ́bàá Mersey

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni orúkọ Mersey ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni odò ààlà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ló pààlà láàárín Lancashire ní àríwá àti Cheshire ní gúúsù. Láti Chorlton, bí èèyàn bá yí kẹ̀kẹ́ sí ìwọ̀ oòrùn, odò náà yóò darí rẹ̀ lọ sí Warrington àti Liverpool, níbi tó ti wọ òkun. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Liverpool ni ìlú tí ọkọ̀ ẹrú ti ń gbéra jù lọ ní Ìlú Ọba, títí òfin fi fòpin sí òwò náà ní 1807. Láti ibẹ̀ náà ni òwú tí àwọn ẹrú ká ní Amẹ́ríkà ti ń wọ Manchester. Òwò tó fọ́n àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn ká ayé gba ẹnu odò yìí kọjá. Ọmọ Òrìṣà tó dúró sí etí Mersey kò dúró sí etí omi àjèjì.

Ṣùgbọ́n ìrìn yìí dojú kọ ìlà oòrùn, sókè odò. Àmì tí èèyàn yóò máa tẹ̀ lé ni ti Trans Pennine Trail, ọ̀nà gígùn tó so Southport ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn pọ̀ mọ́ Hornsea ní etí òkun ìlà oòrùn. Gbogbo gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 346. Nọ́ńbà 62 ló wà lára pátákó rẹ̀ ní agbègbè yìí. Ó gba ẹ̀bá odò kọjá Didsbury lọ sí Stockport, láàárín igi, koríko gíga àti pápá ìṣeré.

Òkìtì ilẹ̀ ni wọ́n mọ sí ẹ̀gbẹ́ odò níhìn-ín láti dá omi dúró. Ẹni tó bá rò pé odò kékeré ni, kó bi àwọn ará Didsbury. Ní oṣù January 2021, òjò ìjì Christoph mú kí Mersey ga débi pé wọ́n ní kí àwọn èèyàn kúrò nílé wọn, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún omi láti ya sí ilẹ̀ pápá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí èèyàn fi ìrìn náà sílẹ̀. Odò tó bá ń bínú, òkèèrè là á ti í kí i.

Ewé pọ̀ ní etí odò, ẹni tó ń bá Ọ̀sányìn rìn á sì fẹ́ dúró. Kó wò, ṣùgbọ́n kó má tètè fọwọ́ kàn án. Ewé nettle ń jóni bí èsìsì. Ìyẹn kò ju ìyún ọjọ́ kan lọ. Èyí tó léwu ni giant hogweed, tó máa ń ga ju èèyàn lọ, tí òdòdó funfun rẹ̀ sì tẹ́ bí agbòòrùn. Bí omi ara rẹ̀ bá kan èèyàn, tí oòrùn sì pa ibẹ̀, ara á bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Òfin Ìlú Ọba gbà kí èèyàn já ewé tàbí èso igbó díẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ hu gbòǹgbò láìgba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀. Ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹranko àti ewéko, kó ka ohun tí pátákó sọ kó tó já ohunkóhun. Ewé tí èèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ewé tó yẹ kó fi wẹ̀.

Ibi tí odò méjì ti pàdé

Mersey kò sun láti inú ilẹ̀. Odò méjì ló bí i: Tame tó ń bọ̀ láti àríwá, àti Goyt tó ń bọ̀ láti gúúsù ìlà oòrùn. Àárín ìlú Stockport ni wọ́n ti pàdé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Mersey fi wọ abẹ́ ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n kọ́ lé e lórí ní àwọn ọdún 1960. Bó ṣe jáde lódìkejì, ó gba abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin kọjá, èyí tí wọ́n parí ní 1840 pẹ̀lú bíríkì mílíọ̀nù mọ́kànlá.

Ìpàdé odò ní ọlá tirẹ̀ nínú Ìṣẹ̀ṣe. Níhìn-ín, kò sí ojúbọ, kò sí igi ńlá. Ariwo mọ́tò ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra bàtà àti aṣọ lórí odò náà láìmọ̀ pé omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó dúró díẹ̀, kó mọ̀ pé ibí ni orúkọ Mersey ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ tí Tame fọ̀

Láti Stockport, ọ̀nà náà tọ Tame lọ sókè, ó sì wọ Reddish Vale. Ariwo ìlú á dákẹ́ lójijì. Igi bo ọ̀nà lórí, ilẹ̀ rọ̀, afárá ojú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún là á kọjá lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn adágún wà. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó rí bíi lékeléke aláwọ̀ eérú a máa dúró sí etí wọn láìmira, ó ń ṣọ́ ẹja.

Àwọn adágún yìí náà, ọwọ́ èèyàn ló ṣe wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwòrán sórí aṣọ òwú ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò omi púpọ̀ láti fọ aṣọ, láti po àwọ̀, àti láti ṣan èyí tó kù dànù. Ilé-iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Adágún ló ṣẹ́ kù.

Bí èèyàn bá tẹ̀ síwájú, ó dé Hyde. Ìlú yẹn ni ilé-iṣẹ́ ABC ti ń ṣe àǹkárá fún ọjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí 2010 tó dé, iṣẹ́ náà ti kó lọ sí Ghana. Okùn tó so àfonífojì yìí mọ́ ilẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ gùn ju ìyẹn lọ: ní 1902, wọ́n dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester láti wá òwú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ẹgbẹ́ náà sì dé Ìbàdàn. Òwú á kúrò ní ọ̀nà jíjìn, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá irú omi yìí á fọ̀ ọ́, á tẹ̀ ẹ́, aṣọ á sì padà lọ sí ọjà Èkó. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wọ àǹkárá Hyde lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ti jẹ àfonífojì Tame ní gbèsè kó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Odò náà ṣì ń ru ẹrù. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Manchester tẹ ìwádìí kan jáde lórí odò mẹ́wàá ní agbègbè náà. Ní Denton, tó wà láàárín Stockport àti Hyde, wọ́n rí èérún ike tó lé ní 500,000 nínú mítà onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ Tame. Nígbà yẹn, kò tíì sí odò kankan láyé tí wọ́n ti ka iye tó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àkúnya omi ìgbà òtútù 2015 sí 2016 ti gbá nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èérún ike tó wà ní ìsàlẹ̀ àwọn odò náà lọ. Kò sí ibòmíràn tí odò ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ ju òkun lọ. Ojú lásán kò rí èérún yìí. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

Adágún márùn-ún lórí okùn kan

Lẹ́yìn Hyde, ọ̀nà kúrò lẹ́bàá Tame, ó gun òkè, ó sì bọ́ sí àfonífojì odò mìíràn, Etherow, ní apá Broadbottom. Etherow ń ṣàn lọ bá Goyt lẹ́bàá Marple, Goyt sì gbé e lọ bá Tame ní Stockport. Nítorí náà, èèyàn kò tíì kúrò lójú omi Chorlton. Ẹ̀ka rẹ̀ mìíràn ló ń tọ̀. Ibí ni itan ti máa ń dun èèyàn. Kò sí ìtìjú nínú kó sọ̀ kalẹ̀, kó ti kẹ̀kẹ́.

Ní Hadfield, ilẹ̀ tún tẹ́jú. Ọ̀nà Longdendale bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gùn tó kìlómítà mẹ́wàá. Ojú irin láti Manchester sí Sheffield ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ èrò dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ ní 1970, gbogbo ọkọ̀ dáwọ́ dúró ní 1981. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní 1992 fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Adágún márùn-ún tò tẹ̀ léra nínú àfonífojì náà bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: Bottoms, Valehouse, Rhodeswood, Torside àti Woodhead. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ John Frederic Bateman ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1848, wọn kò sì parí títí di 1877. Ohun tó fà á ni pé Manchester ti kún fún ilé-iṣẹ́ àti èèyàn, omi mímu kò tó, èyí tó wà sì dọ̀tí. Àrùn onígbáméjì ti ṣe ìlú náà léṣe ní 1832. Wọ́n sé Etherow kí ìlú lè mu omi òkè. Adágún mẹ́ta tó wà lókè ni wọ́n ṣe fún omi mímu. Méjì tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe kí omi má bàa wọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá odò lẹ́yìn tí wọ́n ti sé e. Àní nígbà yẹn, ẹni tó sé omi lókè mọ̀ pé òun jẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní nǹkan kan.

Ibí ni èèyàn gbọdọ̀ ti rántí pé omi mímu ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá jù síbẹ̀, inú ife ẹlòmíràn ló jù ú sí. Wọn kò gbà kí èèyàn lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi náà tutù débi pé ó lè gba èémí lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ní ìwẹ̀ láti wẹ̀, kó wẹ̀ ẹ́ nílé.

Àwọn òkú Woodhead

Ọ̀nà Longdendale dópin ní ẹnu ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà wọ abẹ́ òkè. Wọ́n parí ihò àkọ́kọ́ ní 1845, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà márùn-ún. Ọwọ́, irin àti ẹ̀tù ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Inú ahéré lórí òkè tútù yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Òkúta pa àwọn kan. Ní 1849, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò kejì, onígbáméjì pa àwọn mìíràn. Àwọn kan nínú wọn sùn sí àyíká ṣọ́ọ̀ṣì kékeré St James tó wà nítòsí.

Iṣẹ́ Ògún ni wọ́n ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ náà. Ọ̀nà tí wọ́n là ni kẹ̀kẹ́ ń gbà lónìí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, kó da omi tútù díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti inú ìgò tó mú wá láti ilé, sórí ilẹ̀, kì í ṣe sínú adágún. Omi ẹ̀rọ Manchester ti ń ti irú òkè báyìí wá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ó bá dà á sílẹ̀ níbẹ̀, omi ti padà sílé.

Ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ?

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀ ní oṣù August. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kọ́ ni Ọ̀ṣun ti sun. Ìgèdè Èkìtì ni orísun rẹ̀, ó sì rìn jìnnà kó tó dé ojúbọ. Láti ọdún mélòó kan wá, omi rẹ̀ ti yí padà, ó ti di pupa bí ẹrẹ̀, iṣẹ́ wúrà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn èèyàn sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àwọn ọmọ Òrìṣà káàkiri ayé ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹkún náà tọ́. Àwọn tó ń bọ omi nísàlẹ̀ ń jìyà ohun tí wọ́n ṣe sí i lókè.

Ọmọ Òrìṣà tó wà ní Manchester wà lókè odò ẹlòmíràn. Ohun tó bá jù sí Mersey ní Chorlton, Warrington àti Liverpool ni yóò bá a. Bí àwọ̀ omi Ọ̀ṣun bá dùn ún, kó má ṣe sí Mersey ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí Ọ̀ṣun.

Nítorí náà, ó yẹ kí èèyàn tún ẹrù rẹ̀ wò kó tó jáde nílé. Kò yẹ kí ọ̀rá, ike, ìgò, rìbọ́ọ̀nù, aṣọ, owó irin tàbí àbẹ́là wọ inú omi. Òdòdó ilé ìtajà a máa ní wáyà àti ike lára. Èèyàn gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Òfin kò gbà kí èèyàn da ohun tó lè ba omi jẹ́ sínú odò. Kò sì gbà kí ó tú ẹja tàbí ìjàpá ilẹ̀ òkèèrè tó rà lọ́jà sínú adágún, nítorí wọ́n lè pa àwọn tó bá níbẹ̀. Bí èèyàn bá da obì, kó kó awẹ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ti gba èsì. Oyin kán méjì kán mẹ́ta lórí ewé, lórí ilẹ̀, tó. Ní àwọn adágún omi mímu, ìbà àti ohùn ẹnu nìkan ni kó lò. Àpò òfìfo kan wúlò pẹ̀lú: kó ṣa ìdọ̀tí díẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó gbá ojúbọ ti bẹ̀rẹ̀ ẹbọ.

Kí ẹ tó gbéra

Ní England, ọ̀nà inú oko àti inú igbó yàtọ̀ síra. Ọfà ofeefee túmọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ọfà búlúù túmọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, òfin 1968 sì gbà kí kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀, bí ó bá yẹra fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó bá tẹ̀ lé pátákó 62 kò ní ṣìnà. Afẹ́fẹ́ Longdendale le, òjò rẹ̀ kò sì ní àkókò. Kí èèyàn mú aṣọ òjò, oúnjẹ àti iná kẹ̀kẹ́ dání. Kó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, kó sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tó ń lọ. Bí ó bá ti dé Woodhead, kó yí padà sí Hadfield, kó sì wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Manchester Piccadilly. Àyè kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ náà kò pọ̀, nítorí náà kí àwọn tó bá jọ lọ má pọ̀ jù.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le lè fi Fallowfield Loop bẹ̀rẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ni òun náà, ó gùn tó kìlómítà mẹ́tàlá, ó sì lọ láti Chorlton dé ìtòsí àwọn adágún Gorton ní Debdale Park. Ẹni tó fẹ́ igbó gidi lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Delamere ní Cheshire. Blakemere wà nínú igbó yẹn, adágún tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì gbin igi sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n gé igi náà, wọ́n sì jẹ́ kí omi padà. Omi mọ ilé rẹ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó wọ aṣọ funfun náà lè tún wá sí etí adágún Chorlton. Bí ó bá ti rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ ohun tó ń kí. Yóò mọ òkúta tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀, aṣọ tí Tame fọ̀, adágún márùn-ún tó wà lókè, àti àwọn tó sùn sí Woodhead. Yóò mọ ẹni tí omi náà ń lọ bá. Bí kò bá mú nǹkan kan dání rárá, ìbà rẹ̀ yóò ní ibi tó ń lọ.